Máìkì Tí Wọn Kì Í Ṣí

Ẹsẹ kejì ni wọ́n dé, ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹta ni Títílọlá ṣèèṣì gbé sẹ́nu. Ó kọ ọ́ sókè, ó tún ju ọwọ́ sí i. Kó tó fura, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú sípíkà, ó ń jáde geere, ẹsẹ kejì ló sì ń kọ, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Títílọlá pa ẹnu dé. Ohùn náà ò dákẹ́. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Àwọn ará ìjọ ń jó, Silas tó jẹ́ olórí àwọn akọrin ń tẹ dùùrù, kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó mọ̀ pé ohùn òun wà nínú kọ̀ǹpútà. Òun náà ló kúkú kọ ọ́ síbẹ̀. Ní Sátidé kan ṣáájú ọdún Àjíǹde, Silas mú un lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan nítòsí Toll Gate ní Ṣàngó, Títílọlá sì kọ gbogbo ohùn obìnrin tó wà nínú àwọn orin wọn, tòkè, tàárín àti tìsàlẹ̀, títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n ní ohùn tirẹ̀ ló dára jù. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń tẹ orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ yìí, tíráàkì ni wọ́n ń pè é, mọ́ ìlù àti dùùrù lọ́jọ́ ìsinmi. Pamílẹ́rìn àti Adéjọkẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe elégbè ò wá mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ alẹ́ ò kúkú jẹ́ kí àwọn sùn, ẹ̀rọ ti yọ àwọn nínú wàhálà. Títílọlá nìkan ló kù, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ni wọ́n mú. Kò mọ̀ pé ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nígbà tí ìsìn parí, ó bá Silas níbi tó ti ń ká wáyà.

"Silas, máìkì mi ò ṣiṣẹ́ lónìí."

"Ó ń ṣiṣẹ́, Àǹtí Títí."

"Mo ṣi orin kọ, kò sẹ́ni tó gbọ́."

Silas rọra gbé wáyà sílẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, irọ́ kì í dúró lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà."

"Ṣé ẹ̀ ń pa á ni?"

"Kò sẹ́ni tó ń pa á, mà. A kàn kì í ṣí i ni."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tá a ti ń lo tíráàkì. Tá a bá ṣí i, ohùn yín á máa bá ohùn yín jà. Tibí á yá díẹ̀, tọ̀hún á falẹ̀. Pásítọ̀ sì fẹ́ kó máa mọ́ gaara fún àwọn tó ń wò wá lórí fóònù."

"Kí wá ni mò ń ṣe lókè yẹn?"

"Háà, Àǹtí! Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ibẹ̀ kún. Ojú yín máa ń tàn, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Àbí ohùn yín náà kọ́ ni? A ò ṣáà lọ bẹ ẹlòmíì."

Ó ṣe Títílọlá bíi kó bú u, ó tún ṣe é bíi kó sunkún. Ó ní, "Ó ti yé mi," ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ bí ayé Títílọlá ṣe rí lè béèrè pé kí ló le níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti àwọn tó ń kó bisikíìtì sínú páálí. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ débi pé ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Tó bá wá dé yàrá rẹ̀ ní Ìjù, ògiri ló ń bá gbélé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Treasure, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lọ́kọ sí Jos. Ibi ìkọrin yẹn nìkan ló kù tí èèyàn ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, òun ló sì fi ń ti ọ̀sẹ̀ kọjá. Àṣé wọn ò gbọ́ ọ níbẹ̀ náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Treasure pè é.

"Mọ́mì, mo wò yín lórí fóònù ní Sọ́ńdè o! Ohùn yín dùn gan-an. Mo fi han ìyá ọkọ mi, wọ́n ní ṣé oyin lẹ máa ń mu ni."

Títílọlá fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè, ó pa dà. "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o gbọ́ mi dáadáa?"

"Kedere báyìí!"

Nígbà tí ìpè náà parí, ó jókòó sétí ibùsùn, ó gbìyànjú láti dá orin kan. Kò tíì kọ ọ́ dé ìlàjì tó fi dá a dúró. Kò sí ohun tó ṣe ọ̀fun rẹ̀. Àìrẹ́ni gbè é ló dùn ún, ó sì dùn ún wọra.

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi tún pé, ó lọ. Jabez tó ń mójú tó ẹ̀rọ na máìkì sí i, ó ní, "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀." Títílọlá gbà á, ó sì rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n tẹ orin. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láìdúró dè é. Ó wo gbogbo ilé ìjọsìn yíká, ó rọra fi máìkì sórí irin tó ń gbé e ró, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ. Ó rìn kọjá láàárín èrò títí dé ẹ̀yìn pátápátá, ó jókòó sórí àga oníke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí kò mọ̀ rí. Orin tó ń jáde nínú sípíkà ò dúró.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó kọ́kọ́ rọra kọ ọ́, nígbà tó yá ó fà á síbi tó wù ú, ó dúró níbi tí tíráàkì ò dúró. Ìyá náà yí sí i.

"Ọmọ mi, ohùn rẹ yìí dùn o. Kí ló dé tí o ò lọ bá wọn dúró lókè?"

Títílọlá wo ọ̀ọ́kán. Ààyè rẹ̀ ṣófo, Silas ń nàgà wá a láàárín èrò, ohùn Títílọlá sì ń kọrin lọ lókè níbẹ̀.

"Ibí ni mo fẹ́ wà, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi tòsì yìí ò gbọ́ràn mọ́. Bọ́ sí ọ̀tún mi, kí n lè máa gbọ́ ọ."

Títílọlá dìde, ó bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì tún orin náà dá láti ìbẹ̀rẹ̀.