Odó Tí Adìẹ Ń Yé Sí

Oyin lé àgbébọ̀ adìẹ kúrò nínú odó, ó kó ẹyin mẹ́ta tó bá níbẹ̀ sínú abọ́, ó bu omi sí odó, ó sì mú kànrìnkàn. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni ìyá bàbá rẹ̀, Yèyé Fẹ́yìsetán, ti ń wò ó.

"Oyin, kí lo fẹ́ fi odó ṣe?"

"Iyán ni, Yèyé. Ṣebí Dádì ń bọ̀ láti Èkó lónìí?"

"Èbà ni mo fẹ́ tẹ̀ fún un. Ikán ti jẹ ọmọ odó wa, o kúkú mọ̀."

Oyin kò gbójú sókè. "Ikán kankan ò jẹ ẹ́. Ulé Àǹtí Wòsílátù lódìkejì títì ló wà. Mo máa ń dá ohùn rẹ̀ mọ̀ tí wọ́n bá ń fi gúnyán."

Ojú ti Yèyé. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ ìyá ìjọ ní Áńgílíkà Ayédé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wá tú irọ́ rẹ̀ fó.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni Oyin fi ọmọ odó yẹn dá a lápá, torí pé ó ní kó pa tẹlifíṣọ̀n. Kó tó dìgbà náà, ọmọ ọ̀hún ti gé ẹnìkejì rẹ̀ jẹ ní kíláàsì, ó sì ti fọ́ fèrèsé méjì. Àwọn kan ní kí Yèyé dá a padà fún Olúdayọ̀ bàbá rẹ̀. Yèyé kọ̀ jálẹ̀. A kì í bímọ burúkú ká fà á fún ẹkùn pa jẹ. Òun àti apá rẹ̀ tó so kọ́ ọrùn ló mú ọmọ náà lọ sí ọsibítù ní Ìdó.

Nígbà tí bíbá a jókòó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìkan ò ràn án lọ́wọ́, dókítà fi oògùn kún un, ìdajì hóró kékeré kan lálaalẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oorun ni Oyin ń sùn ṣáá, títí dókítà fi dín in kù. Lẹ́yìn náà ni ebi dé, ebi bíi ti ẹni tó roko ìwọ̀fà, ni Moyinolúwa, nọ́ọ̀sì wọn, bá ń wọ̀n ọ́n lóṣooṣù.

Nọ́ọ̀sì yìí ló sọ fún Yèyé pé, "Màmá, oògùn yìí ò ní jẹ́ kínú rẹ̀ tètè máa ru. Ohun tó yẹ kó ṣe bó bá ru, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kọ́ ọ."

Ó ní bínú bá ru Oyin, kó mí kanlẹ̀, kó sì kúrò níbẹ̀; kí Yèyé máa yìn ín, kó má sì jágbe. Yíyin ọmọ kò ṣòro. Kó má jágbe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Oyin kò gbọ́wọ́ sókè sẹ́nikẹ́ni mọ́ láti oṣù márùn-ún. Síbẹ̀, ọmọ odó tí Yèyé gbé pamọ́ kò wálé. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn; nínú ilé ará Èkìtì yìí, èbà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá.

"Yèyé, ẹ jẹ́ ká lọ gbé e," ni Oyin wí. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi béèrè rẹ̀."

Yèyé kò rò ó rí pé ẹ̀rù lè máa ba ọmọ náà. Ó fa ìró rẹ̀ le, ó sọdá títì.

Wòsílátù fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ odó tẹ̀ lé e padà, torí pé kò sí ìran tó lè fo obìnrin náà dá. Iṣu jinná. Oyin ń gún un, gbì, gbì. Yèyé jókòó ti odó lórí àpótí, ó ń jù ú sí i, ó sì ń ṣa kókó jáde bí ọmọ odó bá ti lọ sókè.

Wòsílátù, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, bá pariwo: "Ìyá Olúdayọ̀, ẹ láyà o! Ṣé ọmọ odó tó dá yín lápá kọ́ nìyẹn?"

Ọmọ odó dúró lókè.

Yèyé mọ ojú tí Oyin ṣe yẹn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó la ẹnu láti jágbe, ó rántí nọ́ọ̀sì, ó pa ẹnu dé. Oyin mí sínú, ó mí síta. Ó rọra gbé ọmọ odó ti ara ògiri, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Kò sẹ́ni tó mira títí ó fi padà dé, tó ti bọ́jú.

"Àǹtí Wòsílátù, unú bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́."

"Má bínú, ọmọ mi. Ẹnu mi yìí ló ń kó bá mi."

"O ṣe é dáadáa, Oyin," ni Yèyé wí.

Oyin bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì Moyin ló ní kẹ́ ẹ máa sọ ìyẹn!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Yèyé. Oyin gbé ọmọ odó, ṣùgbọ́n kò gún un.

"Yèyé, ẹ yọwọ́ yín."

Yèyé wolẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú odó, iyán ti tutù mọ́ ọn dé ọrùn ọwọ́. Láti ìgbà tí ọmọ odó ti dúró lókè ló ti wà níbẹ̀, kò sì rántí fà á yọ.