Igbákejì Olúdayọ̀

Ẹ ti fura pé Olúdayọ̀ Akínladé kò ní gbégbá orókè. Ẹ má wulẹ̀ fi ìfura yín pamọ́. Kò gbégbá orókè. Ẹni tó bá ti lọ tẹ "Balógun Yewa" sẹ́yìn jẹ́sì kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, inú ilé ló sábà máa ń wọ irú jẹ́sì bẹ́ẹ̀ sùn. Bó ṣe pàdánù ni mo fẹ́ sọ, torí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ló kó bá a. Mi ò mọ ẹni tó múra tó o ní gbogbo Ìlaró.

Olùkọ́ ìmọ̀ ìjọba ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí. Bí agogo ìparí iṣẹ́ bá ti lù, ó di ọ̀gágun àwọn ẹranko abàmì inú fóònù. Ẹ mọ géèmù náà, tàbí kí ọmọ yín mọ̀ ọ́n: èèyàn á mú ẹranko, á tọ́ ọ, á kọ́ ọ ní ọgbọ́n ìjà, á wá mú un lọ pàdé ti ẹlòmíràn. Ọgbọ́n mẹ́rin péré ni ẹranko kan lè mọ̀ pọ̀. Kó tó lè kọ́ ìkarùn-ún, ó gbọ́dọ̀ gbàgbé ọ̀kan. Ní ìdíje ti Yewa, èèyàn méjì ni ikọ̀ kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kó ẹranko mẹ́ta wá, á sì fi ọ̀kan ṣoṣo sójú ìjà, kí ẹranko méjì lè kojú méjì. Bí ọ̀kan bá ṣubú, ẹni tó ni ín á tú òmíràn jáde. Ikọ̀ tó bá borí ni yóò lọ dúró fún Yewa ní Abẹ́òkúta.

Abẹ́òkúta yìí ni Olúdayọ̀ fẹ́ dé. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó ti ń fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ dánra wò nínú balùwẹ̀.

Gbogbo wa rò pé Rọ́fíàt ni yóò mú ṣe ẹnìkejì. Ọmọ Ìlobí ni Rọ́fíàt, ó ń kọ́ni ní ìṣirò owó ní Pólì, ọwọ́ rẹ̀ sì yá nínú géèmù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá a ní ìsọ̀ Cornelius tó ń tún fóònù ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ẹ̀yin á kọlù wọ́n, èmi náà á kọlù wọ́n. Wọn ò ní mọ ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ sá fún."

"Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́," ni Olúdayọ̀ dáhùn. "Ọkọ̀ kì í ní awakọ̀ méjì."

"Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí, Ẹ̀gbọ́n."

Cornelius kò gbójú kúrò lára fóònù tó ń tú. "Rọ́fíàt, ọmọ Yewa lo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ìbò bá dé, gbogbo wa la máa ń jáde du ipò gómìnà. Ìgbà wo lo rí ẹni tó lẹ pósítà igbákejì?"

Àwa tó kù rẹ́rìn-ín. Olúdayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìmọ̀ràn ló gbà á sí. Igbákejì ni yóò wá.

Wisdom ló rí. Olùkọ́ ìṣirò ni Wisdom, láti apá Ìpókíà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ wọn ni. Ó ju Olúdayọ̀ lọ lọ́jọ́ orí, Olúdayọ̀ sì ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà àwọn méjèèjì ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n Wisdom nìkan ló ń pe ẹnìkejì ní ọ̀gá.

Kí n má purọ́ mọ́ ọkùnrin yìí, ètò tó ṣe dára. Ó fún Wisdom ní ìgbín olókùúta, tó ń fa ọfà tí wọ́n bá ta sí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ra. Ó fún un ní ọ̀pọ̀lọ́ ewé, tó ń fi itọ́ wo ọgbẹ́. Ó fún un ní ẹyẹ kan tó ń fi ìyẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnìkejì lẹ́yìn kó lè yára ju ọ̀tá lọ. Ti Olúdayọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ẹkùn Iná, Erin Òkun, àti alángbá ńlá kan tó sọ ní Kábíyèsí.

Wọ́n ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà òjò yẹn, bí iná bá lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀. Bí epo bá tán, wọ́n á kó fóònù lọ sí ìsọ̀ Cornelius. Ìgbín àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́ kò le tó. Olúdayọ̀ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti inú ẹyin. Ìkejì náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibà mú Olúdayọ̀, ó faṣọ borí, ó ń ti abẹ́ aṣọ pàṣẹ.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀."

"Ṣé ẹ rò pé àwọn ará Ayétòrò tí a fẹ́ bá díje ń jẹun ni?"

"Wọ́n ń jẹun o. Mo rí méjì nínú wọn lánàá, ẹ̀bà ni wọ́n ń gbé mì."

"Ẹ tún ìgbín yẹn gbé wá."

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ Pólì dánra wò ní ìsọ̀ náà, Ẹkùn Iná ṣì ń mí hẹlẹ nígbà tí ẹyẹ Wisdom fi àgógó gún ọ̀tá tó kù, ọ̀tá sì ṣubú. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. "Wisdom, ẹ pọ̀," ni Cornelius wí. Olúdayọ̀ náà pàtẹ́wọ́, lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó ní, "Ẹ ṣeun lónìí. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yẹn, kí ló ń fi àgógó gún nǹkan fún?"

"Ó kù díẹ̀ kí ọ̀tá yẹn kú ni, ọ̀gá."

"Èmi ni mo fẹ́ pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ẹ mú fóònù yín wá, ẹ jẹ́ n bá yín tò ó." Ojú ọ̀nà níbẹ̀ ló ti kọ́ ẹyẹ náà ní ìsúre kan tí yóò máa fi kún agbára ẹnìkejì, tí àgógó fi di ohun ìgbàgbé.

Ọjọ́ ìdíje pé, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọjà-Ọ̀dàn. Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwọn méjèèjì lọ, Olúdayọ̀ jókòó ní àárín kí afẹ́fẹ́ má baà ba irun rẹ̀ jẹ́. Wọ́n na àwọn ará Ayétòrò, àwọn ajẹ̀bà. Wọ́n na àwọn méjì kan láti Ìhunbọ̀ tí wọ́n ń fi Faransé bú ara wọn. Ìgbín ń gba ìyà, ọ̀pọ̀lọ́ ń tutọ́, Kábíyèsí ń pa wọ́n bí ẹni ń pa eṣinṣin. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, Olúdayọ̀ ló ń dìde tẹríba fún àwọn òǹwòran.

Ní àṣekágbá, wọ́n pàdé Rọ́fíàt, tó ti lọ mú Cornelius ṣe ẹnìkejì tirẹ̀.

Ìjà náà le. Rọ́fíàt kò ta ọfà kankan tí ìgbín lè fà mọ́ra. Ẹranko odò rẹ̀ ń da omi lu iwájú rẹ̀ pátá, ìgbín rí tirẹ̀, Ẹkùn Iná rí tirẹ̀. Cornelius ń tẹ̀ lé omi náà pẹ̀lú mànàmáná. Ẹkùn kú. Erin Òkun pa méjì kí òun náà tó wó. Kábíyèsí jáde, Olúdayọ̀ sì jà bí ẹni tí Abẹ́òkúta wà ní ọwọ́ rẹ̀: ó tún pa méjì, ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kù fún Rọ́fíàt àti Cornelius sílẹ̀ láàárín ikú àti ìyè. Bí èèyàn bá sín lù wọ́n, wọ́n á ṣubú. Lẹ́yìn náà ni mànàmáná gbé Kábíyèsí.

Olúdayọ̀ gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀. Kò bẹ̀rù. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Wisdom, ẹ parí ẹ. Ẹ lù wọ́n."

Wisdom wo fóònù rẹ̀ títí. "Kí ni kí n tẹ̀, ọ̀gá?"

Ẹranko rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà láàyè, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí a ṣe ń lu ẹnikẹ́ni.