Mo Fọ Ẹsẹ̀ Kí N Tó Fọ Ojú

Ṣadé, gbé ife yẹn kalẹ̀ ná, kí o gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Bàbá mi ń da omi búútà sí mi lọ́wọ́ kí n ṣe àlùwàlá, àmọ́ inú kíláàsì tí mo ti ṣe ìwé mẹ́fà la wà. Mo fọ ẹsẹ̀ kí n tó fọ ojú. Bàbá ní, "Tún un bẹ̀rẹ̀." Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo tún ṣì í. Nǹkan tí mo ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ láti kékeré títí mo fi dàgbà! Gbogbo àwọn tó tò láti kírun kẹ̀yìn sí gábásì, èmi ni wọ́n ń wò, omi ò sì tán nínú búútà. Nígbà tí omi náà mù mí dé orúnkún, mo pariwo: "Bàbá, mi ò kírun mọ́! Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mi ò gbà mọ́ pé ẹnì kan ń gbọ́ wa!"

Bàbá ò bínú o. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi etí aṣọ wọn nu ẹsẹ̀ mi.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, má sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mi ò tíì kúrò lórí ibùsùn nígbà tí fóònù dún. Bàbá ni, bí ìṣe wọn láràárọ̀.

"Ṣé o ti kí Àsùbáà?"

Mo ní, "Mo ti kí i, Bàbá."