Ihò Keje Tó Wà Lórí Òkè

Tí mo bá na ọwọ́… rárá o. Tí mi ò bá nà á ńkọ́? Háà! Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Kí ló tiẹ̀ gbé mi wá sípàdé yìí gan-an? Ǹ bá ti sọ pé eyín aláìsàn kan ló dá mi dúró. Oníṣègùn eyín ni mí, ta ló máa bá mi jiyàn?

Àwòrán pápá tuntun náà wà lára ògiri níwájú wa, igun rẹ̀ kan ti ń ṣí. Ihò keje, tó ti wà lórí òkè láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù yìí sílẹ̀, ni àwọn kan fẹ́ kí wọ́n gbé wá sísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ihò kan péré! Òun làwọn àgbàlagbà ń tìtorí rẹ̀ pariwo mọ́ra wọn láti ẹ̀ẹ̀kan.

"Ẹ ṣàánú orúnkún wa." Inú-Omi ló sọ bẹ́ẹ̀. Inú-Omi là ń pè é, nítorí kò sí ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í bọ́ sódò. Ẹ̀bá odò náà ló tún fẹ́ kí wọ́n gbé ihò keje lọ! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó tún kọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe bí ẹni tó wà níwájú adájọ́ — agbẹjọ́rò, ìwà ò ní í fi oníwà sílẹ̀ —

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí òkè bá ti ga jù fún, kó lọ jókòó ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nílé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí dé ìdí ọkàn.

Nítorí ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù láàárọ̀ yìí… "Ọkọ mi, ẹ gbà mí." Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò pè é rí bó ṣe pè é lónìí. "Ọkàn ẹ̀gbọ́n yín ni. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun òkè kankan mọ́. Ó ní tí mo bá fi lè sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ ẹ̀yin, òun ò ní í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Pàápàá jù lọ èmi. Kí ni mo ṣe fún un? Èmi tá a jọ mu ọmú kan náà…

Tí ihò náà bá wà lókè, yóò máa gùn ún. Mo mọ ọkùnrin náà. Yóò gùn ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò gùn ún lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, títí… Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Tí mo bá sì ní kí wọ́n gbé e sísàlẹ̀, èmi àbúrò rẹ̀, lójú gbogbo ayé, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn? Yóò béèrè ìdí. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fura sí.

Àmọ́ ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni? Ṣé dókítà ò lè ṣì í ni? Sátidé tó kọjá yìí, a jọ gbá a. Mi ò rí i kó mí hẹlẹhẹlẹ. Mi ò rí i…

Dúró ná. Níbo ni mo wà tí mi ò fi rí i? Iwájú ni mo wà. Orí òkè la ti ń gbá ti ihò keje, ẹni tó bá sì borí ní ihò kan ló máa ń kọ́kọ́ gbá ní èyí tó kàn. Ẹni náà ló máa ń kọ́kọ́ gòkè. Èmi ni mo borí ní ihò kẹfà. "Máa lọ," ó ní, "jẹ́ n so okùn bàtà mi."

Sátidé tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́? Èmi náà ni. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń borí ní ihò kẹfà. Mo tiẹ̀ ń fi yangàn fáwọn aláìsàn mi, tí ẹnu wọn bá ṣí sílẹ̀ gbàgà tí wọn ò lè dá mi lóhùn: mo ti ń na ẹ̀gbọ́n mi báyìí o! Bọ́ọ̀lù tí kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ihò kẹfà, ẹ̀gbọ́n mi gbá a kọjá. "Ojú àgbà ti ń ṣú," ló sọ. Ojú yẹn ò ṣú ní ihò karùn-ún. Kò ṣú ní ihò kẹjọ. Ẹsẹ̀ òkè nìkan ló ti ń ṣú…

Yéè! Èmi òmùgọ̀. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ihò kẹfà fún mi ni. Ó ń fi í fún mi kí n lè ṣáájú, kí n kọ ẹ̀yìn sí i, kóun lè dúró lágbedeméjì, kó fara ti igi, kó mí bó ṣe lè mí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò gbà kí n borí rí, nínú eré ọmọdé pàápàá! Òkè yẹn ò bà á lẹ́rù. Ojú mi ló ń bà á lẹ́rù.

Alága ti ní ká dìbò. Ọwọ́ nínà la fi ń dìbò níbí, ẹni tó dàgbà jù láàárín wa ló sì máa ń rìn láti àga dé àga, tó máa ń kà á. Ta ló dàgbà jù? Òun náà ni. Ó ti dìde.

Àwọn tó bá fẹ́ kí ihò keje wá sísàlẹ̀. Inú-Omi na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní kó sọ ọ̀kan kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, ó ń nàka, ó ń kà sókè, ó ń fi ọwọ́ kejì di ẹ̀yìn àga mú bó ṣe ń kọjá. Báwo ni mi ò ṣe rí ìyẹn tẹ́lẹ̀?

Mo na ọwọ́ mi. Ó ti wà lókè, mi ò ní í sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìka rẹ̀ dúró. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, mi ò sì gbé ojú mi kúrò. Ẹ bi mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bi mí kí ló dé.

Kò béèrè. Ó mọ̀. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀.