Ojú Tí Dókítà Inú Fóònù Wò

Haneefah, òṣìṣẹ́ ìlera ní Abigi, gbé fóònù sí iwájú Rachel, ó ní kó sọ bí ìtọ́jú ojú tí wọ́n ṣe fún un ní Abigi ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn sí. Àwọn tó gbé ètò kí dókítà máa fi fóònù wo ojú aláìsàn kalẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jàǹfààní rẹ̀.

Aránṣọ ni Rachel ní Makun-Omi. Nígbà tí ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n, tó ń ro ó, tí òṣùmàrè sì ń yí gbogbo iná tó bá wò ká, ọ̀dọ̀ Haneefah ló sáré lọ ní ilé ìwòsàn. Haneefah fi fóònù ya ojú náà. Dókítà kan wò ó láti ìlú mìíràn, ó ní Àpólò lásán ni, kó máa kán oògùn sí i. Nígbà tí Rachel padà lọ pé ìrora ń le sí i, Haneefah ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, kó ṣì máa kán an lọ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tó yẹ ojú náà wò dáadáa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ojú ti fọ́.

"Ẹ kàn sọ èyí tó dáa níbẹ̀, Mà," Haneefah ní. "Ṣebí ọ̀nà ò jìn fún yín."

"Ọ̀nà tí ò jìn yẹn ló gba ojú mi."

Titus, ọkọ Rachel, dá sí i. Ó ní ètò yìí náà ló fún òun ní awò tí òun fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí Rachel má kanra mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

"Bàbá Ayọ̀ọlá, ká ní ojú tiyín ni ńkọ́?"

Rachel ní kí Haneefah tan fóònù, kó gba ohùn òun sílẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò gbé ohùn sókè, ó sì dárúkọ Haneefah tó ní kó ṣì máa kán oògùn lọ. Nígbà tí Haneefah fẹ́ pa fóònù, Rachel di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Wọn ò ní lo eléyìí, Mà."

"Ìwọ ṣáà ti gbọ́."

Haneefah kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Rachel ò ní kó dìde, kò sì dárí jì í. Nígbà tó sú Haneefah, ó dìde fúnra rẹ̀, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe apẹja kan tí ojú ń dùn, tí òun ti ní kó máa dúró láti àná de nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò gbé fọ́tò ojú rẹ̀ lọ.

"Ẹ má dúró mọ́, Bàbá," ó ní. "Ẹ wọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó nísinsìnyí."