Mímbà Kọ Ọmú

Mímbà ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì, ó sì ti kọ ọmú. Èmi kọ́ ni mo já a lẹ́nu ọmú o, òun fúnra rẹ̀ ló pinnu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ló ń fẹ́. Tí mo bá tú àyà sílẹ̀, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tó ti kan fún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú mi pátápátá.

Kì í ṣe pé mò ń kẹ́ ẹ. Lóko ìrèké wa níbí, ìyá tó bá ń fọ́mọ lọ́mú kì í gbẹ́ kòtò ìrèké, koríko ló ń bá àwọn arúgbó tu, ọmọ rẹ̀ sì ń sùn tì í. Ọjọ́ tó bá já a lẹ́nu ọmú, ọkọ́ dé nìyẹn, wọ́n á sì gbé ọmọ lọ sí ilé kan lẹ́yìn òkè, níbi tí wọ́n ń kó irú wọn sí. Wọ́n gbé ti Ábà ọ̀rẹ́ mi lọ. Nígbà tó máa tún fojú kàn án, ọmọ ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwa ẹrúbìnrin Jàmáíkà fi ń fọ́mọ lọ́mú títí irùngbọ̀n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hù. Àfi èyí tèmi. Tó bá sùn lọ ni mo máa ń tì í sí i lẹ́nu, kí omi ọmú má baà gbẹ.

Búṣà, òyìnbó tó ń kó wa ṣiṣẹ́, ti wá ń fura. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án wá fojú ara òun rí i. N ò fún Mímbà ní nǹkan kan jẹ láti àárọ̀. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi ha. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi oyin pa orí ọmú. Ó lá oyin tán, ó ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Bẹ́nẹ́bà, ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹ?" Màmá Kuaṣíbà, ìyá àgbà tó ń bá wa tọ́jú ọmọ, ló ń béèrè.

"Ẹ̀yin náà ni, Màmá."

"Èmi kẹ̀? Mo kàn ní kó tọ́ ọ wò ni."

"Ojoojúmọ́ lẹ ń ní kó tọ́ ọ wò."

"Ó dáa, bú mi tán kó o tó palẹ̀ mọ́. Ọkùnrin yẹn ti ń bọ̀."

Búṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lé àyà. Ó ní kí ọmọ mu ọmú kóun rí i. Mo tú àyà. Mímbà wò mí, ó wo Búṣà, ẹ̀rù ojú pupa yẹn bà á, ló bá fi orí pamọ́ sí mi láyà. Ebi àti ìbẹ̀rù pa pọ̀, ó gbá ọmú mú. Ó ń fà á gidi, omi ọmú ń ṣàn sí i lágbọ̀n. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Búṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa.

"Omi pọ̀ níbẹ̀," ó ní. "Ìyàwó ọ̀gá tó ni oko yìí bímọ, ọmú rẹ̀ ò sì ní omi. Ìwọ ni wàá máa fún ọmọ náà lọ́mú nílé ńlá. Kí wọ́n gbé eléyìí lọ sẹ́yìn òkè lónìí."

"Ọ̀gá, ọmọ yìí ṣì ń mu ọmú."

"Mo rí i," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n àgbọ́njù mi rèé. Màmá Kuaṣíbà nawọ́ láti gba ọmọ. Mímbà figbe ta, ó tún gbá ọmú mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í, ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ láti àárọ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó mu ún yó."