Àwọn Òpó Tí Wọ́n Kọ́ Ní Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹ jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín, nítorí inú ṣì ń bí mi, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Nínú àlá náà, Ìmìtìtì-ilẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ìlú wa pé òun ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí òun má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìyá mi gbá àgbàlá, ó sì gbé àga sílẹ̀ dè é. Ilé amọ̀ tí bàbá mi kọ́ kí ó tó kú ni à ń gbé. Ògiri rẹ̀ ti là. Mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá fi lè mì dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ilé náà yóò wó lé ìyá mi lórí.

Ìjọba ti ri òpó irin mọ́lẹ̀ yí ìlú ká. Wọ́n fi sípíríǹgì so òkúta mọ́ orí òpó kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún mi.

Ó ní, "Àǹtí, bí ìgbì bá ń bọ̀ nínú ilẹ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá. Màá bá a jó títí agbára rẹ̀ á fi tán sí mi lára, ilé yín á sì jókòó jẹ́ẹ́. Èmi mọ ijó tó yára. Àwọn tó ga jù mí lọ mọ èyí tó ń fà."

"Bí o kò bá jó ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ilé yín ni yóò bá a jó nìyẹn."

Mo bu omi fún òpó náà, ó mu ún, ó dúpẹ́.

Bí mo ṣe yíjú padà, ọ́fíìsì Kọmíṣánnà fún Ọ̀ràn Ilẹ̀ Mímì ti léfòó sórí òrùlé wa. Olóyè Ṣówándé, kọmíṣánnà náà, sọ̀kalẹ̀ wá, ó ń fi apá agbádá wa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ó wo àwọn òpó, ojú rẹ̀ sì le.

"Èmi dé, wọ́n dúró gbọnrangandan, wọ́n ń wò mí lójú?"

Mo ní, "Òpó ni wọ́n, sà. Ìdúró ni iṣẹ́ wọn."

"Kò sí iṣẹ́ tó ju ẹ̀kọ́ ilé lọ. Èyí tí kò lè dọ̀bálẹ̀, ta ló fẹ́ gbà là?"

Lójú ẹsẹ̀, àgbàlá wa di kíláàsì. Ó kọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n tẹ̀ láti ìdí títí òkúta orí wọn fi kan ilẹ̀. Bí Olóyè ṣe ń pàtẹ́wọ́ ni ìwo méjì ti fìlà rẹ̀ sókè, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ó sì di òbúkọ. Mo ṣì ń pè é ní sà, nítorí kò tíì sí ẹni tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà, ẹ ní kí wọ́n dìde. Ìmìtìtì ti ń bọ̀."

Òbúkọ ní, "Ìmìtìtì kì í ṣe àgbà ni? Ó ju bàbá ńlá rẹ lọ. Wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ kí i." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé ẹ̀gẹ́ ìyá mi.

Ìmìtìtì dé. Bàbá kúkúrú kan ni, ó wọ agbádá, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dún. Gbogbo òpó wà nílẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ojú ti bàbá náà. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ta ni yóò wá bá mi jó? Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kan, n kì í lè dá èkejì dúró."

Òpó wa ní, "Ọ̀gá ò tíì ní ká dìde, sà."

Ọ̀gá ń jẹ ewé. Ìyá mi pàápàá ti kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ ògiri tó là, ó ń kí àlejò kú ọ̀nà. Orúnkún tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ti wọ agbádá. Inú bí mi sí orúnkún náà. Mo nà án gbọọrọ, kò tẹ̀ mọ́. Mo lọ dúró sí ipò òpó, n kò kí Ìmìtìtì.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì gbé ẹsẹ̀.

Ìgbì náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú mi. Mo jó títí eyín mi fi ń gbá ara wọn. Mo gba èyí tó yára, ṣùgbọ́n n kò ga. Èyí tó ń fà gba abẹ́ mi kọjá, ó forí lé ìyá mi.

Mo ké sí òpó wa pé, "Dìde. Ìyá mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó wo òbúkọ. Ibẹ̀ ni mo ti jí.

Ìyá mi dúró lẹ́bàá ibùsùn. Níta, wọ́n ti ń fi àdó olóró fọ́ òkúta ní kúárì ẹ̀yìn ìlú, ilẹ̀ ń mì, ọmọrí ìkòkò ń gbọ̀n lórí ìkòkò. Mo dìde, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ògiri tó là.

Ó ní, "O rí mi, o ò kúnlẹ̀?"

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì," mo dá a lóhùn, n kò gbé ọwọ́ kúrò. "Bí àwọn ará kúárì bá dákẹ́, màá kúnlẹ̀."